Òkúta Tí Kò Ní Jó Ọwọ́ Ìyàwó Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kejì

Bíríkìlà dé kí oòrùn tó mú. Ó fi ẹnu ṣọ́bìrì fa ìlà sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, láti ìdí igi máńgòrò títí dé ara ògiri. Ó ní ibẹ̀ ni ilé ìdáná yóò dúró sí: ìhà mẹ́ta á ṣí sílẹ̀ gbayawu, ìhà kan á jẹ́ ògiri, páànù á wà lókè. Ó bi mí pé báwo ni mo ṣe fẹ́ kí kántà ga tó. Mo ní kó dúró ná.

Mo wọlé lọ mú tépù. Ìyàwó mi wà níbi tí ó máa ń jókòó sí lẹ́bàá fèrèsé. Mo ní kó dìde. Kò bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́ ṣe, ó kàn dìde bí ìgbà tí mo bá fẹ́ wọn aṣọ fún un. Mo wọ̀n ọ́n láti ìgúnpá dé ilẹ̀, mo yọ ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan kúrò nínú rẹ̀. Ó tún jókòó.

Bíríkìlà rí tépù lọ́wọ́ mi, ó ní, "Télọ̀, wọn kì í fi tépù aṣọ wọn ilé."

Mo ní èmi ò mọ ilé, ìyàwó mi ni mo mọ̀.

Láti oṣù kẹsàn-án tí gáàsì ti gbiná nínú ilé ìdáná wa, oúnjẹ rírà là ń jẹ. Obìnrin tó ń dáná fún odindi ìgbéyàwó, oúnjẹ inú ọ̀rá ló ń jẹ, kì í sì í sọ bóyá ó dùn tàbí kò dùn. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ti inú ilé wà ní títì. Èmi ni mo ń mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kiri.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Mo lọ sọ́dọ̀ olókùúta. Má-fọwọ́-kàn-án ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí ohun tó fi ọ̀dà pupa kọ sára òkúta rẹ̀ kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Àgbàlá rẹ̀ wà lẹ́yìn ibùdókọ̀. Eruku funfun bo gbogbo nǹkan ibẹ̀, títí kan irùngbọ̀n òun fúnra rẹ̀. Àwọn òkúta pẹlẹbẹ náà fara ti irin ní ìlà-ìlà, bí àwọn tó ń dúró de dókítà.

Ó ní, "Ilé ìdáná ìta? Dúdú ni kí ẹ gbé. Dúdú kì í fi àbàwọ́n hàn."

Mo ní, "Oòrùn ńkọ́?"

"Oòrùn wo? Òkúta ni, kì í ṣe bọ́tà."

Mo bi í nípa funfun kan tó wà lápá òsì, tí iṣan eérú gba inú rẹ̀ kọjá. Ó ní mábù nìyẹn, àwọn olówó ló ń rà á. Ó wò mí láti orí dé bàtà, ó wá ní, "Ẹ lè máa wò ó."

Owó dúdú ti lé sí i láti ọdún tuntun. Ó ní epo ọkọ̀ ló fà á. Ohun gbogbo ni epo ọkọ̀ ń fà nísinsìnyí, àní òwú ìránṣọ.

Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi fún mi ní àfọ́kù mẹ́rin, kí n lè gbé wọn lọ fi han ẹni tó máa lò ó: dúdú kan, funfun kan, aláwọ̀ eérú kan, àti ọ̀kan tó pọ́n bí iyanrìn odò. Mo so wọ́n mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi. Ní gbogbo ọ̀nà ni wọ́n ń kan ara wọn ko-ko-ko, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí fún.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Mo tò wọ́n sórí àga gígùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyàwó mi kò wò wọ́n.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Ooru mú gan-an, abẹ́rẹ́ ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Oníbàárà kan wá gba kaba rẹ̀, ó rí àwọn òkúta, ó ní ṣé mo ti fi iṣẹ́ aṣọ sílẹ̀ ni. Ìyàwó mi gbọ́. Kò rẹ́rìn-ín. Tẹ́lẹ̀, òun ni ì bá kọ́kọ́ fèsì, ì bá ní òkúta ni mo fẹ́ fi rán aṣọ fún àwọn tí kì í sanwó. Ẹlẹ́rìn-ín ì bá sì ti fi ilẹ̀kùn gbá ara rẹ̀ níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín.

Bẹ́ẹ̀ là ń pè é, Ẹlẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló bí i, ó fi í sọ́dọ̀ wa láti kọ́ iṣẹ́ alásè lọ́wọ́ àbúrò òun. Òun ló ṣá ìṣáná láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọwọ́ méjèèjì ni ìyàwó mi fi fà á jáde nínú iná. Ọmọ náà kú sí ilé ìwòsàn. Ọwọ́ ìyàwó mi ni iná fi sílẹ̀ fún wa.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Lónìí ó sọ̀rọ̀.

Mo ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù kan lára nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi. "Ta ló ní kí ẹ gbé funfun yìí wálé?"

Mo ní olókùúta ló fún mi.

"Ṣé ilé ìdáná lẹ fẹ́ fi ṣe ni, àbí bàbá yín kan fẹ́ jọba? Ẹ bá mi wá ọsàn wẹ́wẹ́."

Mo sáré lọ ra ọsàn wẹ́wẹ́ ní òdìkejì ọ̀nà. Mo là á sí méjì. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti ìlàjì kan dojú dé orí funfun náà, ó fi sílẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó ṣí i, ojú òkúta ti kú roboto níbi tí omi ọsàn dé. Mo fi aṣọ nù ún. Kò dán mọ́.

"Ẹ rí i? Ó ti jẹ ẹ́. Bí mo bá ń gé tòmátì lórí èyí fún ọ̀sẹ̀ kan, á dà bí eyín tó ti kẹ̀."

*Bí mo bá ń gé.* Mo gbọ́ ọ, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Bí ẹyẹ bá bà lé ọwọ́ ẹni, a kì í mí kanlẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Ó ní kí n da epo sórí èyí tó pọ́n bí iyanrìn. Òkúta náà fa epo mu bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Mo nù ún, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi kànrìnkàn gbo ó títí apá fi ń ro mí. Epo wà níbẹ̀. Olókùúta ti sọ pé òróró kan wà tí wọ́n fi ń dí ojú rẹ̀ lọ́dọọdún. Ìyàwó mi ní, "Ta ló máa rántí lọ́dọọdún? Èyí kì í ṣe òkúta, búrẹ́dì ni."

Ó ku dúdú àti eérú. Mo ní dúdú máa ń gbóná nínú oòrùn. Ó jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán lálẹ́. Ó ní iyọ̀ rẹ̀ kò tó.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

N kò fẹ́ kọ ti òní. N ó kọ ọ́.

Mo lọ gbé aṣọ fún oníbàárà kan. Ọ̀sán gangan ni mo padà. Ìyàwó mi wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó dúró ti àga gígùn tó ti fà lọ sí àárín oòrùn. Òkúta dúdú náà wà lórí rẹ̀. Ó fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún lé e, ó fara tì í bí ẹni tó fara ti kántà tó ń dúró kí omi hó.

Ó ní, "Irọ́ lẹ pa pé dúdú máa ń gbóná. Ó ti wà nínú oòrùn láti àárọ̀. Kò gbóná rárá."

Mo fi ìka kan kàn án. Èmi tí mo ń fi ìka dán áyọ́ọ̀nù wò lójoojúmọ́ ayé mi, mo fa ìka yọ. Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, mo gbé ọwọ́ náà kúrò. Awọ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bò ó ti pọ́n, ó ti ń wú, omi ti ń kóra jọ sábẹ́ rẹ̀.

Ó wo ọwọ́ náà bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn. Ó ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n." Lẹ́yìn náà ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Mi ò mọ̀ ọ́n rárá."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Nọ́ọ̀sì tó di ọwọ́ rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án náà ló tún dì í fún un lónìí. Ó pè mí bọ́ síta. Ó ní awọ tó ti jóná bẹ́ẹ̀ lè má mọ iná mọ́. Ó lè padà mọ̀ ọ́n, ó lè má padà. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n jìnnà sí ìdáná, sà." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí a délé, mo gbé òkúta dúdú náà sọ sẹ́yìn ògiri. Bíríkìlà wò mí. Ó ní ṣé kí òun dá iṣẹ́ dúró. Mo wọlé lọ. Ó tún bu sìmẹ́ńtì, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Mo rò ó títí. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Mo rò pé bí ilé ìdáná bá wà ní gbangba, níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́, ẹ̀rù kò ní bà á. N kò ro ti ọwọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ẹ̀gbọ́n wá. Kò tíì tẹsẹ̀ wọ ilé wa láti ọjọ́ tí a ti sin Ẹlẹ́rìn-ín. Kò kan ilẹ̀kùn iwájú, ẹ̀yìnkùlé ló gbà tààrà. Nígbà tí mo fi máa gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì, ó ti dúró síwájú búlọ́ọ̀kù tó ti ga dé ìbàdí.

Ó ní, "Wọ́n sọ fún mi, mo ní irọ́ ni."

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé àga fún yín."

"Mi ò wá jókòó. Ilé ìdáná lẹ̀ ń kọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ṣé iyẹ̀pẹ̀ tí ẹ kó lé ọmọ mi lórí ti gbẹ ni?"

Bíríkìlà rọra gbé ṣọ́bìrì rẹ̀, ó kúrò níbẹ̀. Ìyàwó mi jáde láti inú ilé, báńdéèjì tuntun funfun lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rí ọwọ́ náà. Ó wò ó pẹ́. Mo rò pé àánú yóò ṣe é.

Ó ní, "Ìwọ ṣì ní ọwọ́ tí wọ́n lè dì."

Ó sì gba ibi tó gbà wọlé jáde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Ìyàwó mi ti padà sẹ́bàá fèrèsé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Òjò ṣú, kò rọ̀. Bíríkìlà parí ìdí kántà. Ó ní kí sìmẹ́ńtì gbẹ dáadáa kí òkúta tó gun orí rẹ̀. N kò sọ fún un pé bóyá òkúta kankan kò ní gùn ún. Bí ó ti wà yẹn, ó dà bí aṣọ tí wọ́n gé tí wọn ò rán.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo jí bá a tó ti wọ kaba aláwọ̀ aró tí mo rán fún un lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ó ti tóbi jù ú lọ nísinsìnyí, èjìká rẹ̀ ń yọ̀ wálẹ̀. Ó ní, "Ẹ mú mi lọ sọ́dọ̀ olókùúta."

Mo ní kó jẹ́ ká fi í sílẹ̀ ná. Mo ní nọ́ọ̀sì sọ pé...

Ó ní, "Mo gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ. Bí mo bá jókòó sẹ́bàá fèrèsé yìí títí mo fi kú, ṣé ìyẹn ló máa jí ọmọ náà?"

A wọ ọkọ̀. Má-fọwọ́-kàn-án ń gé òkúta lọ́wọ́, ariwo ẹ̀rọ rẹ̀ kún ìta. Ó pa á nígbà tó rí wa. Ó wo báńdéèjì, ó wo ọ̀dà pupa tó kọ sára òkúta, ó yí ojú sápá kan, ó ní, "Ẹ máa wò ó, mà. Ẹ wò ó bó ṣe wù yín."

Kò fi ọwọ́ kan ọ̀kankan. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló fi ń kàn wọ́n. Ó lọ láti orí òkúta kan dé òmíràn, àwọn tó ti wà nínú oòrùn láti àárọ̀, ó ń tẹ̀, ó ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé wọn, bí ẹni tó ń kí ẹbí tí kò rí láti ọjọ́ pípẹ́. Ó sá fún dúdú kó tó kàn án. Ó sá fún aláwọ̀ ewé kan. Àwọn méjì tó ń ra táìlì dúró, wọ́n ń wò ó. N kò bìkítà.

Ó dé ìdí aláwọ̀ eérú kan lápá ẹ̀yìn, gíránáìtì tí wọn ò tíì fá ojú rẹ̀ dán. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e. Kò gbé e kúrò.

Ó ní, "Èyí gbóná, ṣùgbọ́n kò bínú."

Má-fọwọ́-kàn-án ní àwọn ènìyàn kì í fẹ́ èyí tí kò dán, wọ́n ní kò bá ojú mu. Ó ní, "Ohun tí wọ́n sáà ń fi èyí ṣe jù ni..."

Ìyàwó mi ti rí i. Lẹ́yìn òkúta náà ni àwọn kékeré wà ní ìdúró, irú kan náà, àwọ̀ kan náà, wọ́n ti gbẹ́ orúkọ sára wọn. Ó dúró níwájú wọn, ó ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bi olókùúta pé, "Ṣé èyí máa ń pẹ́ nínú òjò?"

"Á pẹ́ ju gbogbo wa lọ, mà."

Mo san àsansílẹ̀ owó òkúta aláwọ̀ eérú náà fún kántà. A wọ ọkọ̀ padà, a sọ̀ ní ìkóríta wa. Ibẹ̀ ni ìyàwó mi ti ní, "Ẹlẹ́rìn-ín ò ní òkúta lórí. Iyẹ̀pẹ̀ lásán ni."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

A lọ bá Ẹ̀gbọ́n ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ níbi tó ti ń ta ọṣẹ àti garawa. Ìyàwó mi kúnlẹ̀ láàárín àwọn garawa. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí òkúta kan tó dára. Mo fẹ́ kí wọ́n gbé e sórí ibojì ọmọ wa."

"Ọmọ ta?"

"Ọmọ yín, mà."

Ẹ̀gbọ́n ń to ọṣẹ sórí pẹpẹ, kò dá ọwọ́ dúró. "Níbo lo ti rí òkúta?"

Ìyàwó mi ò mọ irọ́ pa. Èmi ì bá ti wá nǹkan kan sọ. Ó ní, "Èyí tí mo yàn fún kántà ni. Mo ní kí wọ́n má gbé e wálé mọ́."

Ẹ̀gbọ́n gbé ọṣẹ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Kò pariwo. Ìbá sàn ká ní ó pariwo. "Òkúta tí o yàn fún àlùbọ́sà lo fẹ́ gbé lé ọmọ mi lórí."

Obìnrin kan yọjú pé òun fẹ́ ra ọṣẹ, ó rí wa, ó padà.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Wò mí lójú. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ṣé o gbọ́ òórùn gáàsì?"

"Mi ò gbọ́, Ẹ̀gbọ́n."

"Alásè bíi tìẹ."

"Ọ̀fìnkìn ń ṣe mí lọ́sẹ̀ yẹn. Imú mi dí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, ọmọ náà ló tọ́ ọbẹ̀ wò fún mi, torí mi ò mọ adùn rẹ̀. Ká ní mo gbọ́ òórùn kankan, èmi fúnra mi ni ǹ bá ti ṣí fèrèsé." Ó ń sunkún, kò sì lè fi ọwọ́ nu ojú. Mo wá aṣọ ìnujú, n kò rí. Apá ẹ̀wù mi ni mo fi nù ún.

N kò mọ̀ bóyá Ẹ̀gbọ́n gbà á gbọ́. Ó ní, "Dìde, àwọn oníbàárà ń bọ̀." Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ó ní, kò wò wá, "Òkúta ìdáná, ìdáná ni kí ẹ gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí gáàsì bá tún wọ ilé yẹn, kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́."

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù kẹta

Ìyàwó mi ní, "Ẹ sọ fún olókùúta kó gbé òkúta wá. Èédú la ó máa lò."

Bíríkìlà ti fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ kántà fún sìlíńdà gáàsì. Ó ní ṣé kí òun dí i pa. Ìyàwó mi ní kó má dí i, kó má sì ṣe ilẹ̀kùn sí i. "Kó wà ní ṣíṣí. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó, kó rí i."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e, Má-fọwọ́-kàn-án ń pàṣẹ níwájú bí ẹni ń sin ọba. Ní igun géètì ni wọ́n ti fi gbá ògiri. Igun kan ṣẹ́ bọ́, ó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Inú bí mi débi pé mo jókòó sílẹ̀. Gbogbo ìrìn yìí, gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn. Ojú ti olókùúta, ó ní òun á lọ gé òmíràn wá.

Ìyàwó mi wo igun náà, ó ní, "Ẹ gbé e lé e bẹ́ẹ̀. Ta ni kò fọ́ níbìkan nínú ilé yìí?"

Wọ́n gbé e lé e. Ó jókòó rẹ́gí. Gíga rẹ̀ bá ìgúnpá ìyàwó mi mu, bí apá ẹ̀wù tí wọ́n wọ̀n dáadáa.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Òjò àkọ́kọ́. Páànù ń jò létí kan. Ìyàwó mi lọ dúró sábẹ́ rẹ̀ títí òjò fi dá, kò dáná. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń jinná.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Ẹ̀gbọ́n wọlé láìkí ẹnikẹ́ni. Ó lọ tààrà sídìí kántà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo inú àyè náà. Ó na ọwọ́ wọ inú rẹ̀, ó fi kan ògiri ẹ̀yìn pátápátá. Ó dìde, orúnkún rẹ̀ dún. Ó jáde.

Ìyàwó mi ní, "Wọn á tún wá."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ ogún

Ó tún wá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò, ó dìde. Ó kí mi pé mo kú iṣẹ́. Èmi nìkan.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

A dáná. Èmi ni mo to èédú, èmi ni mo ṣá ìṣáná. Nígbà tí ìṣáná dún, ìyàwó mi di òpó páànù mú, ó pa ojú dé, kò là á títí mo fi sọ pé ó ti ràn, ó sì ń jó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Lẹ́yìn náà ó gbé àlùbọ́sà sórí òkúta. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tẹ̀ láti mú un. Ó ní, "Ẹ má bá mi mú un." Òun fúnra rẹ̀ ló mú un, ìka kan lẹ́yìn òmíràn. Ó tún bọ́. Ó tún mú un. Àlùbọ́sà tó máa ń gé tán kí ènìyàn tó wí pé kí ló dé, ó gé e títí iná fi fẹ́ kú. Kí ó tó gbé ìkòkò, ó ń pè mí: "Ẹ fọwọ́ kan ibí yìí wò fún mi." Mo kàn án. Mo ní ó gbóná. Ó mú aṣọ.

Iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀ náà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jóná díẹ̀. A jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ẹ̀gbọ́n rí eérú nínú àdògán. Ó dúró, ó ń fa atẹ́gùn símú, bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ òórùn ohun tí kò sí. Ó ní, "Èédú?"

Ìyàwó mi ní, "Èédú ni, mà."

Ó wo abẹ́ kántà síbẹ̀síbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin

Òjò bẹ̀rẹ̀ láti ìyálẹ̀ta, kò dá. Ìyàwó mi se ìrẹsì àti ẹ̀wà, ó gbé ìkòkò sórí òkúta, ó dé e. Kò bu fún mi, kò bu fún ara rẹ̀. Ẹnu géètì ló ń wò.

Mo ní, "Òjò yìí pọ̀ jù. Wọn ò ní wá lónìí."

Mo padà sídìí máṣíìnì, ebi ń pa mí. Mo rán apá kan, mo tú u, torí ó wọ́.

Ó ti fẹ́ tó ìrọ̀lẹ́ kí n tó gbọ́ ìró géètì. Ẹ̀gbọ́n ni, ó fi ọ̀rá bo orí, aṣọ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo tẹ̀lé e. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sídìí kántà. Ó pẹ́ níbẹ̀ ju ti ìgbàkígbà lọ. Nígbà tó fẹ́ dìde, ó di etí òkúta mú kó tó lè nàró. Kò gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ó ní, "Kò sẹ́ni tó máa ń jí ọmọ yẹn. Láti kékeré ló ti máa ń jí ṣáájú mi."

Ìyàwó mi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n. Ó máa ń jí ṣáájú èmi náà."

Òjò ń rọ̀ lórí páànù. Ìyàwó mi ní, "Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n bu oúnjẹ fún yín."

"Mi ò lè jẹun níbí."

Ó fa ọ̀rá borí, ó tún wọ inú òjò. Ó dé ìdí géètì, ó dúró, ó kẹ̀yìn sí wa. A rò pé géètì ni kò ṣí.

Ó ní, "Bó bá kù, dì í fún mi."

Ìyàwó mi ti ṣí ìkòkò kó tó sọ ọ́ tán.